Kókó Tí Baba Ìbejì Kò Kà

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí Baba Ìbejì ti ń lo oògùn jẹjẹrẹ rẹ̀ ni kókó àkọ́kọ́ yọ sí i ní àtàrí. Ó ń fọ orí lọ́wọ́ ni ìka rẹ̀ ṣèèṣì bà á: nǹkan kékeré, líle, ṣóńṣó, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ti inú agbárí kan ìṣó jáde. Ó tẹ̀ ẹ́, kò dùn ún. Ó tún un tẹ̀, bóyá kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó lọ síwájú dígí, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó tẹ orí ba, kò rí nǹkankan, nítorí nígbà tí Ọlọ́run ń pín ojú, kò ro ti àtàrí mọ́ ọn. Bó ṣe jáde nílé ìwẹ̀ báyìí, fìlà ló mú, ó dé e.

Fìlà yẹn náà ló dé jẹun àárọ̀. Òun ló dé sun oorun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, ó dé e gbọ́ rédíò, ó dé e wá kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sábẹ́ àga.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìnnì ìránṣọ rẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Baba Ìbejì, ṣé òjò ń rọ̀ ní pálọ̀ wa ni?"

"Òjò kankan ò rọ̀."

"Ṣé àlejò ń bọ̀?"

"Kò sí àlejò."

"Àbí ẹ ti jọba, ẹ ò kàn tíì sọ fún mi? Kí n lè mọ̀ bóyá orí ìkúnlẹ̀ ni kí n ti máa gbá abẹ́ àga yín."

Baba Ìbejì wúkọ́ díẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó gbé ohùn sílẹ̀. "Gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti fi yé wa," ó wí, "otútù tó ń gba àárín orí wọlé wà lára ohun tó ń kó àárẹ̀ bá àwọn àgbàlagbà lásìkò yìí."

Ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn ọkọ sí aya. Ohùn rédíò ni.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ka ìròyìn aago méje òwúrọ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ohùn náà nípọn, ó tutù, kì í kánjú. Tó bá ní ilé jó, ẹni tó ni ilé gan-an á rọra jókòó gbọ́ ìyókù. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ohùn kan náà ló máa ń jáde tó bá ń parọ́ nílé. Irọ́ ò mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí náà ẹnu rẹ̀ á sáré lọ yá ohùn ibi iṣẹ́. Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn ni ìyàwó rẹ̀ ti já a, lọ́jọ́ tó fi ohùn ìròyìn ṣàlàyé bí ẹran ṣe pòórá nínú ìkòkò.

"Ẹ ti ń ka ìròyìn fún mi," Ìyá Ìbejì wí.

"Ìròyìn kọ́, òtítọ́ ni."

"Mo gbọ́. Ilé iṣẹ́ wo ló gbé ètò náà wá sórí afẹ́fẹ́?"

Baba Ìbejì fa fìlà sílẹ̀ títí tó fi kan ìpéǹpéjú, ó kọjú sí fèrèsé.

Kì í ṣe ẹ̀gbin kókó náà ló ń dù láti bò. Ẹ̀mí rẹ̀ ló ń dù. Lọ́dún tó kọjá, àmì dúdú kan yọ sí i ní gìgísẹ̀ òsì. Ó pè é ní ọ̀dà bàtà. Ìyàwó rẹ̀ fi òkúta ìfọsẹ̀ ha á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀dà bàtà kò lọ, fífẹ̀ ló ń fẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé e ní ọsibítù, wọ́n ní jẹjẹrẹ awọ ara ni, irú tí kì í jókòó sójú kan. Lóòótọ́, kò jókòó. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó ti gba ẹsẹ̀ gòkè, ó wú sí i lábẹ́ itan, ó tó ọsàn wẹ́wẹ́. Baba tó ń rìn bí ọ̀gá ṣọ́jà wá ń di ògiri mú kí ó tó dé ilé ìtọ̀.

Àwọn dókítà yẹ ohun tó wú náà wò, wọ́n ní oríire kan wà níbẹ̀: jẹjẹrẹ yìí ní àmì kan lára, oògùn kan sì wà tó mọ àmì náà bí ẹní mowó. Oògùn yìí kì í ju òkò sí gbogbo ara. Atamátàsé ni, ojúlé ló ń wá. Hóró méjì láàárọ̀, hóró méjì nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi pé, ọsàn wẹ́wẹ́ ti di hóró àgbàdo. Baba Ìbejì fi ògiri sílẹ̀. Ó ń dá rìn lọ ra ìwé ìròyìn, ó ń bá olùtà jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, ó ń padà wá sílé pẹ̀lú ìbínú. Ìyá Ìbejì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìbínú náà.

Inú ike oògùn kékeré yẹn ni gbogbo ayé wọn wà. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò kàn ń sọ ọ́ ni.

Àmọ́ nígbà tó lọ rí dókítà tó ń yẹ awọ ara rẹ̀ wò kẹ́yìn, ó jókòó ti ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, tí gbogbo wọn ní yàrá ìdúró ń pè ní Baba Aláago. Ọkùnrin náà tẹ̀ sí i létí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣọ́ra o. Dókítà obìnrin yìí, bó bá ti rí ohunkóhun lára yín, pàápàá lórí, oògùn yín ló máa kọ́kọ́ gbà. Ó ti dá tèmi dúró."

"Ó dá oògùn yín dúró!"

"Oògùn tí mo ti ń lò láti ọdún méje! Ẹ wò mí. Ẹ wo bí mo ṣe dà."

Baba Ìbejì wò ó. Lóòótọ́ ni. Oṣù méjì sẹ́yìn, ẹni ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ báyìí ti di arúgbó, orí rẹ̀ funfun báláú.

Ìdí fìlà nìyẹn.

Ẹnìkan ò sì sọ fún kókó náà pé kí ó dá wà. Òmíràn yọ sí èjìká ọ̀tún, òmíràn sí ẹ̀yìn ọwọ́, méjì sí àyà. Baba Ìbejì ń pè wọ́n ní àlejò nínú ọkàn rẹ̀, kí ó má baà pè wọ́n ní nǹkan mìíràn. Ó gbé ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn wọ̀ nínú ooru. Ó wọ ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo.

"Ẹyọ kan?" ìyàwó rẹ̀ béèrè. "Olè tó fẹ́ fi ọwọ́ kan jí nǹkan, tó fẹ́ fi ìkejì dágbére?"

"Àwọn aláṣẹ ètò ìlera ti gbà wá nímọ̀ràn pé..."

"Ẹ kú ìròyìn o."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ó padà lọ rí dókítà nígbà tí fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ni, èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà. Dókítà ní kí ẹ wá ìwé kan, kí ẹ máa kọ gbogbo kókó tuntun sínú rẹ̀. Ẹ má fo ìkankan o. Ọjọ́ tí ẹ rí i, ibi tó ti jáde, bó ṣe tóbi tó, àti bóyá ó ń dunni. Ṣé ó yé yín, sà?"

Ó yẹ kí ó yé e. Àlejò márùn-ún ló wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀ tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wí láràárọ̀ pé "Àwọn kókó inú ìròyìn náà nìyí", tí ẹ bá pe kókó sí i létí, èjìká àti àyà kọ́ ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde dúró pẹ̀lú fóònù.

"Kókó inú ilé nìkan ni, àbí ti ìta náà?"

"Ti ìta gan-an la fẹ́, sà, èyí tó hàn sójú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fura sí ti inú, ẹ kọ ọ́."

"Ṣé kí n fi èyí tó tóbi jù ṣíwájú?"

"Á dáa bẹ́ẹ̀, sà."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ fọkàn balẹ̀," Baba Ìbejì wí. "Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló bọ́ sí."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójú tirẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn ò tíì gun orí rẹ̀, bóyá ó ṣì ń rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká. Ó ra ìwé àjákọ tuntun, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Oògùn ti dá ẹran padà sí i lára, ẹ̀wù rẹ̀ àtijọ́ ti ń fún un lápá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì gbé téèpù kọ́ ọrùn, ó ní kí ó dìde kí òun wọ̀n ọ́n fún ẹ̀wù tuntun.

"Ẹ bọ́ tọrùn yín."

"Wọ̀n ọ́n lórí ẹ̀."

"Ọdún mélòó ni mo ti ń ránṣọ? Ta ló ń wọn ènìyàn lórí ẹ̀wù?"

"Wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, kí o yọ nínípọn ẹ̀wù kúrò."

Ó ta téèpù lé e ní èjìká. Téèpù kò jókòó. Ó fà á tọ́, ó tún gbé e lé e, téèpù tún gun òkè kékeré kan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Bọ́tìnnì ni."

"Èmi ni mo rán ẹ̀wù yìí. Mi ò fi bọ́tìnnì sí èjìká."

"Ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, a ó sì máa fi tó yín létí bí..."

Kò parí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti gbá ẹ̀wù mú láti ìsàlẹ̀, ó ti gbé e gba orí rẹ̀ kọjá, fìlà bá a lọ. Baba Ìbejì dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú gbogbo àlejò rẹ̀ níta gbangba, ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì kò bú u. Èyí gan-an ló dẹ́rù bà á. Ó jókòó sórí àga máṣìnnì, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

"Ṣé ó ti padà dé ni?"

"Mi ò mọ̀." Ohùn tirẹ̀ ló fi sọ ìyẹn, kò yá ti ẹnìkankan. Ó sọ ti Baba Aláago fún un, ó sọ ti irun tó funfun. "Àwọn wọ̀nyí, mi ò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Èyí tó wà lábẹ́ itan mi, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Tí wọ́n bá gba oògùn yẹn, òun ló máa dìde. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí dókítà rí mi."

Ẹ̀yin náà ẹ rò pé obìnrin tó ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí fìlà yóò wọ́ ọ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ó dìde, ó na ọwọ́, ó mú ègé aṣọ kan lórí tábìlì, ó mú ṣọ́ọ̀kì. "Fìlà yẹn kúrú," ó wí. "Bí ẹ bá tẹrí ba, gbogbo ènìyàn ló máa rí i. Ẹ gbé orí wá, kí n wọ̀n ọ́n."

Wọ́n di ọ̀daràn méjì nínú ilé kan. Ó rán fìlà kan tó ga, tó ní tìmùtìmù nínú, tó jẹ́ pé tí Baba Ìbejì bá dé e, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lè wọ ilé ìdáná. Ó fa ọrùn ẹ̀wù sókè. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, ó ń ní "Ó ti bò, ẹ máa lọ."

Ohun kan wà tí kò sọ fún un. Lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, á fi téèpù wọn kókó kọ̀ọ̀kan, á ní fìlà lòun ń tún ṣe, á wá lọ ṣí ìwé oníbàárà rẹ̀, níbi tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn ènìyàn sí. Lójú ewé tó kẹ́yìn, kò kọ orúkọ oníbàárà kankan. Ó kàn kọ: orí, àyà méjì, ọwọ́, èjìká. Orí kò kúrò níbi tó wà. Àyà kò kúrò. Ṣùgbọ́n èjìká! Bí ẹ̀wà ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ti di ẹ̀pà, àárín rẹ̀ sì jìn bí ihò, èépá líle kún un. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló ṣẹ́ mọ́ Ìyá Ìbejì lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kọ ìyẹn, aṣọ ọ̀gbọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì ń rán.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ pé. Wọ́n wọ yàrá ìdúró, fìlà ṣíwájú. Baba Aláago wà níbẹ̀ pẹ̀lú orí funfun rẹ̀, ó fi ojú ṣẹ́ fún Baba Ìbejì, Baba Ìbejì fi ojú ṣẹ́ padà. Nọ́ọ̀sì pè wọ́n wọlé.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀, sà. Fìlà yìí mà ga o. Ṣé ẹ mú ìwé yẹn wá?"

"Ìwé?" Ìyá Ìbejì béèrè, nítorí kò gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ lórí fóònù rí.

Baba Ìbejì ti dìde. Ó mú ìwé jáde lábíyá, ó wúkọ́, ó gbé ohùn sílẹ̀.

"Àwọn kókó náà nìyí. Kókó kìíní. Ológbò aládùúgbò tún ti wọ ilé láìgbàṣẹ. Ọjọ́ tó jáde: ọjọ́ Ajé. Ibi tó ti jáde: fèrèsé ilé ìdáná. Bó ṣe tóbi tó: bí ìrọ̀rí. Ṣé ó ń dunni: ó dun ẹni tó ni ẹja."

Nọ́ọ̀sì la ẹnu, kò pa á dé.

"Kókó kejì. Ìkòkò jóná, ìyá ilé sì kọ̀ láti bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Bó ṣe tóbi tó: a ṣì ń run ún. Kókó kẹta. Àwọn ìbejì pe ilé lórí fóònù. Ibi: pálọ̀. Bó ṣe tóbi tó: ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀. Ṣé ó ń dunni: ó dun ìyá wọn, ó ní kò pẹ́ tó."

Nọ́ọ̀sì ti di etí tábìlì mú. Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹnu ìlẹ̀kùn inú ni dókítà dúró sí, ọ̀dọ́bìnrin kan báyìí, tí gíláàsì rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ti gbọ́ láti orí ológbò.

"Bàbá," ó wí, "iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe yìí. Àmọ́ kókó ara la ní kí ẹ kọ. Kókó tó ń yọ sí awọ."

Baba Ìbejì pa ìwé dé.

"Kò sí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa títí di àkókò tí a ń kó ìròyìn yìí jọ," ó wí.

"Ẹ bá mi ṣí fìlà, sà."

"Kò ṣeé ṣí. Wọ́n rán an mọ́ mi ni."

Dókítà wo Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì wo ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báàgì, ó ń wá nǹkan tí kò sọnù. Nígbà tí ọwọ́ náà máa jáde, ìwé oníbàárà rẹ̀ ló mú wá. Ó ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó gbé e ka iwájú dókítà.

Baba Ìbejì rí ìwé náà. "Ìyá Ìbejì! O ti tà mí!"

"Mi ò tà yín. Ta ló fẹ́ rà?" Ó kọjú sí dókítà. "Dókítà, èyí tó wà ní èjìká ti kúrò ní ẹ̀wà. Fìlà mo lè rán, ṣùgbọ́n mi ò lè rán ẹ̀wù tó máa gba èjìká yẹn tó bá ń lọ báyìí. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba oògùn rẹ̀."

Dókítà fa ìwé náà mọ́ra. Ó ka ojú ewé náà láti òkè délẹ̀, ó tún un kà. Ó ní kí Bàbá bọ́ ẹ̀wù, ó mú awò kékeré kan tó ní iná, ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí. Ó pẹ́ ní èjìká. Kókó mẹ́jọ ló kà. Mẹ́ta wà lẹ́yìn tí àwọn ọ̀daràn méjèèjì ò mọ̀ sí. Ó tẹ abẹ́ itan náà, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Ibí yìí ti lọ sílẹ̀ dáadáa." Ìgbà náà ló tó jókòó.

"Ta ló sọ fún yín pé a máa gba oògùn lọ́wọ́ yín?"

"Gẹ́gẹ́ bí oníròyìn," Baba Ìbejì wí, "mi ò lè tú àṣírí ẹni tó..."

"Baba Aláago ni," ìyàwó rẹ̀ wí.

Ìlẹ̀kùn ò sé dáadáa. Orí funfun kan yọ wọlé. "Wọ́n pè mí?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé wọ́n dá oògùn yín dúró!" Baba Ìbejì nàka sí i. "Oògùn ọdún méje!"

"Wọ́n dá a dúró mọ̀nà! Ó ń yún mi lórí, ni wọ́n bá ní mi ò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́."

"Oògùn wo?"

"Èyí tí mo fi ń pa irun dúdú ni o!" Baba Aláago fọwọ́ ra orí. "Ẹ ò rí bí mo ṣe dà ni?"

Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ojú tán sá jáde. Ìyá Ìbejì bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì, ẹnìkan ò lè sọ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Baba Ìbejì nìkan ni kò mira. Ó ń wo ẹnu dókítà.

"Mi ò gba oògùn yín, sà," dókítà wí lẹ́yìn tó ti ìlẹ̀kùn. "Oògùn yìí ló ń fà á. Ó ń dí ọ̀nà mọ́ jẹjẹrẹ, ìyẹn ló sì ṣe ń súnkì. Ṣùgbọ́n nínú awọ tó kù, àwọn irúgbìn kékeré kan wà tó ti ń sùn jẹ́jẹ́ tipẹ́; oògùn kan náà ló ń jí àwọn yẹn, wọ́n á sì máa hù. A mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ìdí tí a fi ní kí ẹ kọ ọ́ nìyẹn."

"Kì í ṣe ti gìgísẹ̀ ló padà wá?"

"Kò jọ ọ́. A máa yẹ̀ wọ́n wò kó lè dá wa lójú. Èyí tó pọ̀ jù kò ní ṣe yín ní nǹkankan. Ti èjìká nìkan ni mi ò fẹ́ fi sílẹ̀ di ọ̀la. Irú rẹ̀ lè jẹ́ jẹjẹrẹ kékeré mìíràn, ọ̀lẹ ni, kì í sábà rìn jìnnà, tí a bá gé e lásìkò, ó tán." Ó yọ gíláàsì. "Tí a bá gé e lásìkò, sà. Ká ní ẹ ti fi fìlà bò ó fún oṣù mẹ́ta sí i, kì í ṣe abẹ́rẹ́ kékeré àti okùn mẹ́rin la ó máa sọ báyìí. Oògùn ń bá a lọ. Ti àwọn kókó yìí, mo máa bá dókítà jẹjẹrẹ yín sọ̀rọ̀. Oògùn kejì kan wà tí a máa ń fi kún un, kì í jẹ́ kí wọ́n pọ̀. Ìwé Màmá yìí ló jẹ́ kí n mọ èyí tó ń sáré. Ẹ máa kọ ọ́ lọ, mà."

Baba Ìbejì ya ẹnu láti dáhùn. Ohùn rédíò kò wá. Ó dúró dè é, kò wá. Ó wá fi ohùn kékeré kan, tó dà bíi ti ọmọ iléèwé, ní, "Ẹ ṣé."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gé e. Wọ́n gún èjìká lábẹ́rẹ́ títí kò fi mọ nǹkankan mọ́, wọ́n fa aṣọ ìkélé, wọ́n ní kí Màmá jókòó síta. Màmá jókòó síta fún bí ìṣẹ́jú méjì.

"Dókítà, ẹ fa òwú yẹn le jù. Á kájọ."

"Màmá, awọ ni, kì í ṣe aṣọ."

"Etí méjì tí ẹ fẹ́ kó pàdé kọ́ ni?"

"Ìyá Ìbejì," ọkọ rẹ̀ ké láti orí bẹ́ẹ̀dì, "fi obìnrin náà lọ́rùn sílẹ̀, èmi ni mo wà lábẹ́ abẹ́rẹ́!"

Dókítà dáwọ́ dúró. Ó wo okùn náà. Ó tú u, ó tún un fà.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n dúró lójú fèrèsé àwọn apòògùn. Wọ́n na àpò ọ̀rá kan jáde sí wọn, ike oògùn oṣù tó ń bọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ méjì ló na sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Baba Ìbejì mú etí àpò kan, Ìyá Ìbejì mú ìkejì.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó wí bí wọ́n ṣe ń jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà.

"Oògùn mi ni."

"Èjìká tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lẹ fẹ́ fi gbé e?"

"Ọ̀tún ni wọ́n rán. Òsì ni mo fi dì í mú."

"Ẹ̀yin tí ẹ lè gbé e lọ fi fìlà bò."

"Ìwọ tó o lè gbé e fún dókítà."

"Mo máa gbé e fún un o. Gbogbo ohun tó bá yọ lára yín, títí kan èélá ooru, mo máa gbé e fún un."

Mọ́tò kan dúró fún wọn kí wọ́n lè sọdá. Wọn ò sọdá, wọ́n ṣì ń fa àpò. Awakọ̀ fọn fèrè. Àpò ọ̀rá náà na gùn láàárín wọn, ike inú rẹ̀ ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ, ẹnìkan ò sì fi sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," Ìyá Ìbejì wí nígbẹ̀yìn. "Àsìkò hóró ìrọ̀lẹ́ ti tó, mi ò sì mú omi dání."

"Ká rìn kíá nígbà náà."

Bí wọ́n ṣe di àpò náà mú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọdá.